Ọkọ Lọ, Ó Ku Ọkọ̀

Kọ́kọ́rọ́ wọlé, kò yí.
Mo yọ ọ́, mo fẹ́ èémí gbígbóná sí i lára
bí ìyá ti í fẹ́ ojú ọmọ tí eruku kó sí.
Mo tún kì í bọ̀ ọ́. Kò yí.

Òwúrọ̀ oṣù kẹta ni, ní Naryn, yìnyín ṣì ń kán létí òrùlé.
Audi pupa Tologon dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹnu ọ̀nà wa
bí àgbò tó ti pinnu pé òun ò níí kọjá odò.
Àpò irun àgùntàn mẹ́rin wà nínú búùtù,
oníbàárà ń retí mi ní Kochkor.

Sabyrbek ló gbé bátìrì jáde láti ẹ̀yìn ààrò,
níbi tó ti sùn láti ìgbà tí a ti wú ọ̀dùnkún.
Ó so ó mọ́ wáyà. Iná kékeré inú ọkọ̀ tàn.
"Kì í ṣe bátìrì."
Ó mi jíà. "Fírì ló wà. Kì í ṣe jíà."
Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sókè sí oòrùn, ó di ojú kan:
"Eyín rẹ̀ ò tíì jẹ. Kì í ṣe òun náà."
Báyìí gan-an ni dókítà ṣe kà á fún mi ní oṣù kẹwàá:
kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró, kì í ṣe kíndìnrín.
Mo mọ orúkọ gbogbo ohun tí kì í ṣe òun.

Awakọ̀ kan tó ń kọjá ní ká fi òòlù kàn án lórí.
Èkejì ní ká da omi gbígbóná sí i,
omi tí yóò di yìnyín nínú ihò kí n tó pa ìlẹ̀kùn dé.
Mo mú ìgò òróró wá. Sabyrbek pariwo:
"Eruku ni yóò kó jọ, á di ẹrẹ̀ síbẹ̀!"
Pẹ́ńsùlù ló béèrè.
Nurdin yọ tiẹ̀ nínú báàgì iléèwé, ó ń ráhùn pé ìdánwò ìṣirò kù sọ́la.
Mo fi ọ̀bẹ họ dúdú inú rẹ̀ sórí bébà,
mo yí kọ́kọ́rọ́ nínú rẹ̀, ìka mi dúdú.
Ó wá ń wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni wọ ilé ara rẹ̀.
Kò yí.

Kalicha, ìyá ọkọ mi, ló jáde tòun tọ̀pá,
ẹni tí kò wa ọkọ̀ rí, ẹṣin ló mọ̀.
Kò wo kọ́kọ́rọ́ rárá. Ó wo taya.
"Ẹ ò rí i ni? Ó fẹsẹ̀ ti òkúta."

Lóòótọ́. Bíréèkì ọwọ́ ò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọdún mẹ́ta,
Tologon a máa yí sitíárín sápá ọ̀tún pátápátá
kí taya lè fi èjìká ti òkúta funfun yẹn,
kí ọkọ̀ má baà yọ́ wọ odò lóru.
Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti ń ti òkúta,
irin kan tí kò ju ọmọ ìka lọ ló ń gbé ẹrù náà,
kò sì sẹ́ni tó ní kó sọ̀ ọ́.

"Ẹṣin tí okùn bá fún lọ́rùn," ìyá àgbà wí, "a kì í fà á.
Sún mọ́ ọn, kí okùn ó dẹ̀."

Sabyrbek fi àyà ti ọkọ̀ sókè díẹ̀.
Mo mi sitíárín, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún,
ọwọ́ mi kejì lórí kọ́kọ́rọ́, jẹ́jẹ́,
bí ẹni ń jí olóorun tí kò fẹ́ bá jà.

Kẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà,
ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́.
Wáípà ni. Méjèèjì dìde, wọ́n ń nu gíláàsì gbígbẹ,
kíríkì, kíríkì,
lówùúrọ̀ tí kò sí ìkùukùu kankan lórí òkè.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tó wà á wálé kẹ́yìn.
Ó pa ọkọ̀, kò rántí pa wáípà.

Nurdin nawọ́ sí i. Mo ní kó fi sílẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe sọ̀kalẹ̀ dé orí afárá,
tí à ń nu òjò oṣù kẹwàá.