Ewé Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Jẹ

Ní ọjọ́ kẹjọ mi, wọ́n fi iyọ̀ kàn mí láhọ́n,
wọ́n ní kí ayé mi dùn.
Ìyá mi, Abíọ́nà, ní iyọ̀ ọjọ́ náà pọ̀;
èyí tó ṣẹ́ kù, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi se ọbẹ̀.
Kò sẹ́ni tó sọ fún mi
pé ohun tó ń dùn lẹ́nu lè pa ilẹ̀.

Oko wa kò ju ebè mẹ́rìndínlógún lọ
ní Òwòròǹsòkí, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì ọkọ̀,
níbi tí ọ̀sà ti ń yọjú wo ẹ̀yìnkùlé.
Ọdún tí ọ̀sà gòkè wá, kò kan ilẹ̀kùn.
Òru ló wọlé. Ó sùn lórí ebè fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Nígbà tó padà lọ, ó gbàgbé iyọ̀ rẹ̀ sílẹ̀,
ó ti pò ó mọ́ omi bátìrì àti ọ́ìlì dúdú
tí ọ̀gá Lìádì ń dà sí gọ́tà láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì.

Ṣọkọ ló kọ́kọ́ kú. Ewúro tẹ̀lé e.
Tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ní kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́,
tẹ̀tẹ̀ tẹ́.
Etí ewé rẹ̀ jó bí ìwé tí a fi gbé ìkòkò gbígbóná.
Ilẹ̀ funfun. Ìyá mi tọ́ ọ wò, ó tutọ́.
Kò sunkún. Ó ní omi ẹkún náà, iyọ̀ ni,
èyí tó wà nílẹ̀ ti tó.

Ọjọ́ Àlàmísì kan ni Sẹ̀nàmí dé,
ọmọ Ègùn Màkókò tó kàwé erùpẹ̀ ní Àkókà,
bàtà òjò lẹ́sẹ̀, garawa lọ́wọ́, igbó ló kún inú rẹ̀.
"Pápásan etí òkun," ó wí.
"Èyí tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá ni kí n wá gbìn?"
"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Á mu iyọ̀ náà.
Á mu díẹ̀ nínú májèlé bátìrì pẹ̀lú.
Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ tà á.
Ewúrẹ́ ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án."

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn ló pa ìyá mi lẹ́nu mọ́.
Ta ló ń dáko kó má jẹ, kó má tà,
kó tún máa ṣọ́ ewúrẹ́ aládùúgbò?

A gbìn ín.
Àwọn tó ń kọjá ń bi wá pé èló ni ìdì kan.
Ó sanra, ó ń dán, igi rẹ̀ pupa bí ẹsẹ̀ ẹyẹlé,
ó lẹ́wà débi pé ó ń bí mi nínú.
Mo já ewé kan, mo fọ́ ọ láàárín ìka,
mo gbé e dé ẹnu.
Ìyá mi gbá mi lọ́wọ́.
Mo ti pé ọmọ ogójì ọdún.

Ewé yọ, ewé ń yọ iyọ̀,
àwa ò tíì yọ̀.
Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta la ń gé e, tí à ń dì í sínú àpò sìmẹ́ǹtì,
Sẹ̀nàmí á kọ nọ́ńbà sí i lára,
ọkọ̀ kan á gbé e lọ síbi tí wọn ò júwe fún wa dáadáa.
Ìkórè mẹ́rin. Kọ́bọ̀ kan ò sí níbẹ̀.
Ní ìkẹrin, ìyá mi dúró, ó fa àpò kan yọ,
ó wọ́ ọ lọ sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá Lìádì.
Kò jà. "Ẹrù yín rèé. Igbó ló bá yín kó o."
Lọ́sẹ̀ kejì, a rí kẹ́ẹ̀gì ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà.
Bóyá ìtìjú ni, bóyá ẹ̀rù. Mi ò bi í.

Lánàá, Sẹ̀nàmí wọn ilẹ̀. Ó ní iyọ̀ ti ń lọ,
ó ní ti bátìrì á pẹ́,
ó wo ojú ìyá mi, kò sọ bó ṣe máa pẹ́ tó.
Ìyá mi ní kò burú.
Ó fọ́n tẹ̀tẹ̀ sí ebè kan ṣoṣo, fún wíwò, kì í ṣe fún jíjẹ.
Mẹ́fà hù. Ọ̀kan ti ń jó létí.
Ó kúnlẹ̀ ti àwọn márùn-ún yòókù,
ó ń fi orí ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń fún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ní nǹkan tọ́ wò.
Lẹ́yìn ọgbà, ewúrẹ́ Ìyá Káríìmù dúró,
ó ń jẹ àpọ́jẹ, ó ń wò wá.