Sandirínì

Ìbídàpọ̀ gùn jù, ni ọ̀gá wí,
kò ní í dùn létí oníbàárà.
Ó sọ mí ní Sandirínì.

Agogo méje àárọ̀, ní àjà kejì ilé kan ní Wándò,
mo ti de okùn fóònù mọ́ etí.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.
Aago pupa ń kà lójú mi;
mo lọ tọ̀, ó ń kà.

Ẹni àkọ́kọ́ bú mi.
Ẹnì kejì ní kí n fún òun ní ọkùnrin.
Ẹnì kẹta, owó rẹ̀ wọ fóònù ẹlòmíràn,
ó ní èmi ni mo jẹ ẹ́.
Ẹ má bínú, mùsíyé.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni mo ti tọrọ àforíjì,
oúnjẹ ọ̀sán kò tíì tó.

Ìyá kan wá pè láti Kétu.
Faransé rẹ̀ kò kọjá "aló".
Òfin ní kí n fi orin dí i létí.
Mo bojú wẹ̀yìn: ọ̀gá ń po kọfí.
Mo rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ kú ọ̀sán, ìyá."

Ó dákẹ́.
"Háà! Ènìyàn ló wà nínú rẹ̀?"

Ó bi mí bóyá òjò ti rọ̀ l'Ájàṣẹ́,
ó ròyìn ewúrẹ́ rẹ̀ tó bí ìbejì,
ó béèrè orúkọ mi.
Mo sọ ọ́.
Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ wò.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù mi.

Orí ibùsùn ni mo wà kí n tó rántí
pé n kò bi í léèrè
ohun tó tìtorí rẹ̀ pè.