Ẹ̀wù Inú Ògiri

Oṣù Kejì ni, ní Hancock, lẹ́bàá adágún ńlá,
níbi tí yìnyín ti ga dé ojú fèrèsé
tí àwọn ọmọdé ń gun orí rẹ̀ lọ sílé ìwé.
Mo kan ilẹ̀kùn Ìyá Aune Kinnunen lẹ́ẹ̀mẹta.
Ó pẹ́ kó tó ṣí i.
Ẹ̀wù mẹ́rin ló wọ̀, ọ̀kan lórí èkejì,
bí àlùbọ́sà.
"Mi ò tọrọ nǹkan o." Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn.
"Ọmọbìnrin ilé ìkàwé ló bá mi kọ fọ́ọ̀mù náà.
Èmi ò tọrọ."

Mo ní mo gbọ́. Mo nu bàtà mi.

Ẹ̀rọ amúlégbóná ti kú láti ìjẹjì Kérésìmesì.
Ó ti yàrá mẹ́ta pa, ó fi àkísà dí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn wọn,
ó wá ń gbé ilé ìdáná tirẹ̀ bí àlejò:
bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ẹnu sítóòfù ṣí sílẹ̀ gbayawu,
ìwé owó gáàsì lábẹ́ agolo ṣúgà, ó dojú dé.
Mo kìlọ̀ fún un: Ìyá, sítóòfù yìí lè pa yín lójú oorun,
èyí tó ń pani nínú rẹ̀ kì í rùn, kì í kan ilẹ̀kùn.
Ó ní, "Òtútù náà kì í kan ilẹ̀kùn."

Kí ni mo fẹ́ fi fèsì?

Mo gbé fáànù sẹ́nu ọ̀nà, mo ta aṣọ ọ̀rá pupa yí i ká,
mo tàn án. Ilé náà mí kanlẹ̀.
Ìgbà yẹn ni gbogbo ihò jẹ́wọ́:
abẹ́ fèrèsé, ẹ̀yìn súìsì, etí àjà,
ibi tí páìpù gbà wọlé lọ́dún tí ẹnìkan ò rántí mọ́.
Èéfín tín-ín-rín tó wà lọ́wọ́ mi ń tẹ̀, ń sá, ń tọ́ka
bí ọmọ tó ń ṣòfófó.
Mo ní bí a bá kó àwọn ihò yìí jọ,
wọ́n á tó odindi fèrèsé kan tó ṣí tọ̀sán tòru.
Ó rẹ́rìn-ín. "Àṣé adágún ni mo ń dáná fún láti ọjọ́ yìí."

Ọ̀sán ni mo dé ògiri ìhà àríwá.
Mo fẹ́ lu ú, kí n fọn bébà tí a lọ̀ kúnná sínú rẹ̀.
Dírìlì mi lọ́ mọ́ nǹkan.
Mo fà á: apá ẹ̀wù kan yọ,
onírun àgùntàn, pupa òun dúdú, onígun mẹ́rin mẹ́rin.
Lẹ́yìn rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀. Àpò ìyẹ̀fun. Sòkòtò ìwakùsà.

Aune jókòó.
"Ọdún tí wọ́n ti kòtò bàbà pa ni.
Toivo ní ẹ̀wù òun sọnù sínú ọkọ̀ ojú irin.
Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bá a jà, mo pè é ní ọ̀mùtí.
Kò dá mi lóhùn."
Ó fọwọ́ kan ògiri.
"Ibí ni ibùsùn ọmọ wà."

Ìlànà iṣẹ́ wa ní kí a fa gbogbo rẹ̀ yọ:
aṣọ a máa mumi, eku a máa bímọ síbẹ̀.
Mo fà á yọ.
Ó gbọn ẹ̀wù náà, eruku àti ìgbẹ́ eku dà sílẹ̀,
ó gbé e wọ̀ lé mẹ́rin tó wà lọ́rùn.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, Darrell pariwo láti abẹ́ ilẹ̀.
Ohun tó bà jẹ́ ò ju ìka àárín lọ.
Ojú ihò onírin tó wà nílẹ̀ húkọ́,
ó rùn bí eruku jíjó, lẹ́yìn náà ooru dé.
Ó ń bọ́ ẹ̀wù. Ó gbé ti Toivo sórí àga,
ó bọ́ èkejì, ó bọ́ ẹ̀kẹta,
ó wò mí bíi pé mo jí nǹkan,
ó tún gbé ti Toivo wọ̀.

Ó fún wa ní kọfí. Kò ní mílíìkì.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: ògiri àríwá, ihò mẹ́tàlá, a dí wọn.
Mi ò kọ ẹ̀wù.