Ó Tún Ti Kú

Turið pè mí ní aago mẹ́wàá alẹ́:
"Ó tún ti kú."
Kò dárúkọ olóògbé. Mo ti mọ̀ ọ́n.
Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé lọ́sẹ̀ yìí tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń kú,
tó sì ń jí, bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run
tó bá ilẹ̀kùn ní títì.

Mo wọ bàtà òjò. Ní Tórshavn
òjò kì í ti òkè wá, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà,
etí àti ọrùn ló ń bá jà.
Inú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo ti ń jẹun,
níbi tí a ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbọ́ ohùn irin.
Èyí kò ní ohùn.
Ó kàn fa aṣọ búlúù bo ojú,
ó kọ ọ̀rọ̀ funfun díẹ̀ sí i,
ó dákẹ́.

"Kí lò ń ṣe nígbà tó kú?"
"Mò ń ya iṣẹ́ ọnà súwẹ́tà."
"Ṣé ó ń gbóná?"
"Bíi kẹ́túlù."
"Ó ṣubú rí?"
Turið wo ológbò.
Ológbò wo fèrèsé.

Mo tú u. Súkúrù mẹ́wàá bọ́ sínú àwo ọbẹ̀;
ọ̀kan sọnù, ọjọ́ kejì la rí i nínú ìbọ̀sẹ̀ mi.
Irun àgùntàn ti fún fáànù lọ́rùn,
irun ológbò tẹ́ ibùsùn lé e.
Mo fẹ́ ẹ, mo nù ún, mo ra ọ̀dà tuntun síbi tó ń gbóná,
mo ń súfèé.
Ó lo ogójì ìṣẹ́jú láyé.
Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀,
làpálàpá ni mo ń pa.

Mo pààrọ̀ ṣájà. Ó kú.
Mo yọ bátìrì. Ó kú.
Mo pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀,
ó kú kí n tó kọ orúkọ onílé tán: Turi.
Turið ní bóyá ilé yìí ni kò bá a lára mu.
A gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Hanus, ní Hoyvík.
Ó jẹ búrẹ́dì iná Hanus,
ó kú sórí tábìlì Hanus.

Ó ku mẹ́mórì. Mo ní kó máa dánwò di òwúrọ̀:
gba òdo yìí pa mọ́, dá a padà;
gba ení yìí pa mọ́, dá a padà.
Turið sùn lórí àga, abẹ́rẹ́ ìhunṣọ lórí itan.
Ní aago mẹ́ta kọjá díẹ̀,
a fún un ní ení, ó dá òdo padà.
Ìlà pupa kan. Lẹ́yìn náà, ọgọ́rùn-ún.

Pátákó mẹ́mórì méjì ló wà nínú rẹ̀.
Mo yọ ti àkọ́kọ́, ó kú.
Mo dá a padà, mo yọ èkejì.
Ó wà láàyè. Ó wà láàyè. Ilẹ̀ mọ́.

Mo gbé èkejì sábẹ́ iná.
Bébà kékeré kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀,
ọwọ́ ìkọ̀wé kan tí mo mọ̀ dáadáa:
"Fún ọjọ́ ìbí rẹ, kó má falẹ̀ mọ́."
Ọwọ́ awakọ̀ kan ní èbúté Hirtshals ni mo ti rà á,
ní ìdajì owó, nínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ.

Àpò mi wà nítòsí. Ohun tí kò tó ìka ọwọ́.
Mo lè ní, "Ó ti gbó ni."
Turið la ojú. "Kí ló ṣe é?"
Mo na àtẹ́lẹwọ́ sí i.
Ó kà á. Ó tún un kà.
"Èló ni wọ́n tà á fún ọ?"
Mo sọ iye rẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín títí ológbò fi jáde.

Ó gbé kọfí kaná.
Kọ̀ǹpútà ti ń falẹ̀ báyìí, bíi ti àtijọ́:
àwòrán súwẹ́tà ń ṣí láti òkè wá,
ìlà kan, ìlà kan,
àwa méjì jókòó tì í, a ò kánjú.