Ihò Imú Katakata

Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ló máa ń fi ṣiṣẹ́,
lẹ́yìn náà a wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, a dákẹ́.
Lẹ́yìn Horncastle, lórí ilẹ̀ tí a ti ká kábéèjì,
àwọn ẹyẹ òkun dúró, wọ́n ń retí ekòló.
Bàbá Garthwaite ní, "Jim, epo ti tán."
Olújìmí lorúkọ mi; mo ti dárí jì í.
Mo ti igi bọ táńkì: epo kún un.
Mo tú púlọ́ọ̀gì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha á,
iná rẹ̀ ń ṣẹ́ pàràpàrà.
Mo fẹnu fa rọ́bà, mo tutọ́ epo.
Òtútù ilẹ̀ wọ orúnkún mi.
A mu tíì. A tún un yí, ó jí,
bí ẹni pé kò sí ìjà láàárọ̀.
Ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Ó kú.

Ìbínú ni mo fi já ìdérí táńkì,
àfi fììììì!
bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọwọ́ kúrò nímú rẹ̀.
Mo yí ìdérí wò. Ihò bíńtín tó fi ń mí,
ọ̀dà aláwọ̀ eérú ti dí i pa.
"Ta ló kùn ún?"
Bàbá wo bàtà rẹ̀.
Oṣù Kẹta ni, nígbà ìsìnkú Maureen:
katakata yìí ló fa pósí rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo na abẹ́rẹ́ sí i.
Ó mi orí.
Ó ní ká kàn máa dẹ ìdérí díẹ̀.
Òjò sì ti bẹ̀rẹ̀.
Mo ṣí fìlà mi, mo fi bo táńkì.