Kóòtù Awọ Bàbá Ervino

Ní Trieste, bí afẹ́fẹ́ Bora bá já bọ́ láti orí òkè,
wọn a so okùn mọ́ ẹ̀bá pópó kí arúgbó lè rí nǹkan dì mú.
Gbogbo ilé a ti ilẹ̀kùn.
Àǹtí mi, Nives, a ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ gbayawu,
a ní, "Jolanda, dìde! Òṣìṣẹ́ tí kì í gbowó ti dé.
Kó àwọn aṣọ jáde kó tó lọ."

Aṣọ òkú, aṣọ ẹni tó sanra ju aṣọ rẹ̀ lọ,
aṣọ ẹni tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ọsirélíà
tí kò padà wá gbé àpótí:
òórùn kan náà ni gbogbo wọn ń gbé wọ ṣọ́ọ̀bù wa,
òórùn yàrá abẹ́ ilẹ̀,
òórùn omi tó sùn sínú ògiri tí kò jí mọ́.

Àǹtí mi kì í fi lọ́fínńdà bò ó.
Ó ní ẹni tó da lọ́fínńdà lé aṣọ tó bu,
ìlẹ̀kẹ̀ ló so mọ́ òkú ẹran lọ́rùn.

Irun àgùntàn kò fẹ́ omi gbígbóná.
Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan:
súwẹ́tà géńdé ni mo rì bọ omi,
ti ọmọ ọwọ́ ni mo fà jáde.
Òjìji ló fẹ́, àti afẹ́fẹ́.
Ká yí inú rẹ̀ sóde,
kí apá rẹ̀ méjèèjì máa juwọ́ sí òkun fún ọjọ́ mẹ́ta.

Awọ ni alágídí. Awọ ti jẹ́ màlúù rí, kò sì tíì gbàgbé.
Bó bá yá oòrùn, á sán bíi gìgísẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.
Ọtí kíkan díẹ̀ nínú omi púpọ̀, àkísà rírọ̀ tí a fún gbẹ,
ká nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó ń sùn.
Lẹ́yìn náà, ká ki ìwé ìròyìn àná bọ̀ ọ́ níkùn.
Ọ̀rinrin kì í dúró níbi tí irọ́ gbígbẹ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kejì ni Ervino Pahor, awakọ̀ kérénì ní èbúté,
gbé kóòtù bàbá rẹ̀ wọlé nínú ọ̀rá dúdú.
"Ọdún mẹ́tàdínlógún ló lò lábẹ́ àtẹ̀gùn.
Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ níbi ìgbéyàwó ọmọ mi.
Ẹ bá mi lé òórùn yìí lọ,
kí òórùn bàbá mi lè ráyè padà. Kọfí ni. Kọfí àti tábà."
Karlo, bàbá rẹ̀, ló fi ọgbọ̀n ọdún
ru àpò kọfí kúrò nínú ọkọ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ṣe é.
Ní ọjọ́ kẹfà, kọfí yọjú lábẹ́ abíyá.
Ní ọjọ́ kẹsàn-án, àǹtí mi ki imú bọ kọ́là,
ó dúró, ó pè mí láìsọ̀rọ̀.
Mo gbóòórùn rẹ̀.
Òdòdó jásímìn. Lọ́fínńdà obìnrin, olówó gọbọi.

Ervino dé. Ó gbóòórùn apá kóòtù, ó rẹ́rìn-ín,
omi lé ròrò sí i lójú.
Ó gbóòórùn kọ́là.
Ẹ̀rín náà kò mọ ibi tí yóò bá lọ.
"Ọṣẹ ìfọṣọ," ó ní, "ọṣẹ ìfọṣọ nìkan ni màmá mi fi ń wẹ̀."

Bora ń kan ilẹ̀kùn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀.

"Ṣé ẹ lè mú ìyẹn náà kúrò?"
Àǹtí mi dé ìgò ọtí kíkan, ó dé e le.
"Ohun tó bu niṣẹ́ mi, Ervino. Èyí kò bu."

Ó sanwó. Ó gbé e wọ̀, ó bọ́ síta.
Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé:
ó fi ọwọ́ kan di okùn mú,
ó fi èkejì fa kọ́là sókè títí ó fi dé imú,
bóyá nítorí òtútù.