Abà Idwal, Lẹ́bàá Dolgellau

Òjò ń ta lórí páànù bí àgbàdo inú agbada.
Ara ọkọ̀ rọ̀ dirodiro lórí ṣéènì méjì,
aláwọ̀ ewé, kò lẹ́sẹ̀, kò níkùn.
Egungun rẹ̀ ń retí nísàlẹ̀, a ti fi ọ̀dà dúdú pa á lára.

"Ẹ má torí bọ abẹ́ ẹ̀," Mererid wí.
"Ṣéènì kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni."
Ó ti to ìtì igi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin:
bí irin bá já,
igi ni kó gbà á, kì í ṣe ìka.

Íńṣì kan. Ẹ dúró.
Okùn bíréèkì há; a tún gbé e sókè.
Idwal fi èdè ìyá rẹ̀ ṣépè,
ajá jáde sínú òjò.

Íńṣì kan sí i.
Bóòtì méje wọlé,
ìkẹjọ kọ̀.
A ò fi òòlù bá a jà.
A dẹ méje yòókù, a féjìká tì í,
ó wọlé bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ dábàá rẹ̀.

Ilẹ̀kùn òsì ò tíì padé. Ó dọ̀la.
Idwal wọ inú ọkọ̀ tí kò ní àga,
ó lóṣòó, ó di sítiárìn mú,
kò sọ nǹkan kan.